Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún Clifton Marbury

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kun àtíkè fún Clifton Marbury, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìkan ni mo mọ̀. Mi ò ṣàwàdà o. Tó bá ti jókòó láàárọ̀, á kọ ẹ̀gbẹ́ òsì sí mi, màá fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa awọ ibẹ̀ lọ sẹ́yìn etí, màá fi irun bò ó, màá kun àtíkè, ó parí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ò kàn mí. Kámẹ́rà ò débẹ̀ rí.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, àmọ́ "bọ̀dá" ni gbogbo wa ní sítúdíò ń pè é, torí tí fíìmù bá ti fẹ́ parí, òun ló máa ń fẹ́ ọmọbìnrin inú ẹ̀. Ó ti ń fẹ́ wọn láti ọdún méjìlélógún. Torí tiẹ̀ ni àwọn káfíńtà ṣe máa ń kọ́ gbogbo ilẹ̀kùn sọ́wọ́ ọ̀tún, kó lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọlé. Tó bá fẹ́ jáde, á máa fẹ̀yìn rìn. Ìwé ìròyìn kan wá kọ ọ́ pé ọkùnrin tó níwà ni, kì í kẹ̀yìn sí obìnrin. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lọ́dún 1938 yẹn, nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Àwọn tó wá wo fíìmù ẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ò pọ̀. Oṣù kẹfà ọdọọdún sì ni ọ̀gá wa àgbà, Zeltner, máa ń sọ ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ. Ó ti sọ fún un lójú gbogbo wa: "Clifton, tí ìdágbére inú fíìmù yìí ò bá pa èèyàn lẹ́kún, máa wáṣẹ́ míì."

Ìdágbére ọ̀hún ò le. Ọmọbìnrin ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ọkùnrin wá sìn ín, wọ́n wo ojú ara wọn, ó parí. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú ni Inez Corrigan, ọmọ Fresno, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Òun náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìkan ló máa ń gbé jáde.

Ẹ wò ó náà. Tí ẹni méjì bá fẹ́ wo ojú ara wọn, táwọn méjèèjì sì fẹ́ kẹ́ ẹ rí òsì wọn, báwo ni wọ́n á ṣe ṣe é?

"Bọ̀dá, ẹ kọjú sí i," ni Doyle, dáírẹ́kítọ̀ wa, wí.

"Mo kọjú sí i," ni Marbury dáhùn. Ìpàkọ́ Inez ló kọjú sí.

"Inez, ìwọ náà kọjú sí wọn."

"Ó wà nínú ìwé àdéhùn mi, ọ̀gá. Ojú ewé kẹrin."

"Tèmi wà lójú ewé kejì," ni Marbury wí.

Ló bá dúró sẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i nírun. Irun wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Gus oníná pariwo látorí àkàbà pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún bọ̀dá kí wọ́n má ti èèyàn lórí ìlà ilé ìfìwéránṣẹ́ o! Tó bá kàn wọ́n, wọ́n á ra sítáǹbù tiwọn!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí Marbury jókòó, kí Inez dúró. Àwọn méjèèjì tún ń wo ibì kan náà. Ọkọ̀ ojú irin ti lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ mi. Marbury ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran, Inez ò tú tiẹ̀ rárá.

"Kí ló dé?" ni Marbury bi í.

Inez gbé irun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kúrò. Àpá iná ni, látetí dé àgbọ̀n. "Sítóòfù ìyá mi ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Tí wọ́n bá rí i, Fresno nìyẹn, kí n lọ máa di àjàrà gbígbẹ sí páálí. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Kí ló ṣe tiyín?"

Marbury rò ó títí. "Mi ò mọ̀. Lọ́dún 1916, ayàwòrán kan ní kí n wo òsì. Mi ò bi í pé kí ló dé."

"Ẹ ò wo dígí rí?"

"Mo máa ń wò ó. Láti òsì."

Ó jẹ búrẹ́dì ẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wá yí àga. "Verna, bá mi wò ó."

Mo wò ó. Kò sí àpá kankan. Àmọ́ gbogbo ọdún tí mo fi téèpù lé kúrò lápá òsì, apá ọ̀tún ni wọ́n sá lọ.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó wà níbẹ̀, bọ̀dá."

"Tí mo bá gbé e jáde, ṣé iṣẹ́ mi á kù?"

"Mi ò mọ̀, bọ̀dá."

"Mi ò mọṣẹ́ míì o." Ó wo búrẹ́dì Inez tó ṣì wà nínú bébà. Ó tì í sún mọ́ ọn. "Jẹun, ọmọ yìí. Èmi ni màá yíjú."

Nígbà tó ń wọlé láti òsì kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lè hàn, ògiri ló kọlù. Kò sílẹ̀kùn níbẹ̀. Àwọn káfíńtà fi wákàtí kan gbé e síbẹ̀. Ó wá dúró síwájú ọmọbìnrin yẹn, ó wò ó lójú, ó ní, "Tó o bá débẹ̀, kó o kọ lẹ́tà sí mi." Kò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan kún un. Gus fun imú lórí àkàbà. Doyle gbàgbé láti ní kí wọ́n dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zeltner wò ó nínú yàrá kékeré tó ti máa ń wo ohun tá a bá yà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni èmi àti Marbury jókòó sí. Nígbà tí iná tàn, Zeltner ń nu ojú.

"Ta ni bàbá yẹn?"

Mo wo Marbury.

"Mo ní ta ni bàbá yẹn! Mo fẹ́ ẹ. Ọdún márùn-ún. Ẹ sọ ọ́ di bàbá ọmọbìnrin náà, ẹ ò ní pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Marbury dà? Kò wá síṣẹ́ lánàá ni?"

"Mo wà níbí."

"Clifton! Ṣó o rí bàbá yẹn? Ó yẹ kó o lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀."

Marbury yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí i. Zeltner wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wo ara ògiri tí fíìmù ti tán, ó wo sìgá ẹ̀.

"Látìgbà wo?"

"Látàná."

"Ó dáa. Ẹni tó ń fẹ́yàwó ti lọ o, mi ò tún ní gbà á. Bàbá ni mò ń gbà. Ṣé wàá ṣe é?"

Marbury fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. "Ṣé bàbá lè gba ọwọ́ òsì wọlé?"

"Bàbá lè gba ojú fèrèsé wọlé tó bá wù ú."

"Ẹ mú kálàmù wá."

Nígbà tó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, mo mú téèpù, ó ní kí n gbé e sílẹ̀. A gbé iná sọ́wọ́ kejì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin mo ti ṣe tán. Ó dìde, ó wá kẹ̀yìn sí mi, ó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo èèyàn. Mi ò rí ìpàkọ́ ẹ̀ rí. Irun ibẹ̀ funfun báláú. Kò sẹ́ni tó pa á láró rí.

Fìlà ẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Bàbá, fìlà yín!" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ó dúró. Kò yíjú. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Gbé e wá, ọmọ mi."