Ẹyin Pupa Tí Kò Fọ́

Bí Pandeli bá fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní Ìsítáńbùlù, ẹja inú òkun á ti gbọ́. Ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á mì tìtì, ife tíì á máa jó lórí tábìlì ní erékùṣù Burgaz níbi tí wọ́n bí i sí. Ọmọ Gíríìkì ni, ọmọ Tọ́kì náà sì ni. Tó bá jẹ góòlù, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè èwo ló jẹ́. Ìgbà tó bá ṣi pẹ́nálítì gbá ni wọ́n máa ń rántí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá ẹ̀ ń lọ.

Ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn Pandeli. Á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, á fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, àlejò á kó sínú ẹ̀ wọ̀ọ̀, òun á sì pa á dé mọ́ ọn nímú. Àwọn géńdé tó ti ṣubú nídìí ilẹ̀kùn yẹn á kún ọkọ̀ ojú omi méjì. Ọ̀kan nínú wọn kọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá, ó padà sí abúlé, ó lọ ń da ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí èrò bá ń kígbe “Ilẹ̀kùn! Ilẹ̀kùn!”, Pandeli á yí ojú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òun kọ́ ló dá a. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló dá a, Anesti apẹja, lórí òkúta etíkun, láìwọ bàtà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Lọ́dún 1946, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan láti òdì kejì omi rán ọkùnrin kan wá wo àwọn ọmọ méjèèjì. Pandeli jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, Anesti jẹ́ ogún. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ débi pé ẹyẹ òkun fẹ́ẹ̀ bà síbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ àwọn méjèèjì.

Bàbá wọn, Barba Mihal, ní ó tì. “Ta ló máa bá mi fa àwọ̀n? Ẹnì kan á lọ, ẹnì kan á dúró sínú ọkọ̀. Tó bá di ọjọ́ Àjíǹde, ẹ ó kan ẹyin. Ẹni tí Ọlọ́run bá yàn, kó máa lọ.”

Gbogbo ilé tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Burgaz ló máa ń se ẹyin de ọjọ́ náà, tí wọ́n á fi èèpo àlùbọ́sà pa á láró pupa. Ìwọ mú tìẹ, èmi mú tèmi, a forí ẹ̀ gbá ara wọn. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá fọ́, òun ló ni ọdún yẹn.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni Pandeli ti wọ inú àká tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lọ. Ó gé orí àjẹ̀ tí bàbá fi ń tu ọkọ̀, igi ólífì tó le ju orí àgbò lọ. Ó gbẹ́ ẹ, ó fi yanrìn dán an, ó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹyin yẹn dára tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé adìyẹ tó bá rí i á ní òun lòun yé e.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, Anesti ní kó mú ẹyin wá kí òun fi kan eyín wò. Bí wọ́n ṣe ń mú ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ nìyẹn, torí ẹyin ń dún bí ẹyin, igi ń dún bí igi. Ó gbé e dé ẹnu, kò tíì kàn án, ló bá rẹ́rìn-ín, ló bá dá a padà.

“Àbúrò mi ni,” ó wí. “Ta ni mo fẹ́ yẹ̀ wò?”

Kàá! Ẹyin Anesti fọ́. Ó bó o, ó jẹ ẹ́ tiyọ̀tiyọ̀, ó sì ru àpótí àbúrò ẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìsítáńbùlù.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Pandeli jẹ góòlù tí kò sẹ́ni tó lè kà á tán. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọmọ, wọ́n fi sọ ológbò. Barba Mihal kú. Anesti ń fa àwọ̀n. Nígbà tí Àjíǹde ọdún 1961 wọlé, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Pandeli gbá bọ́ọ̀lù ìdágbére, ó wá sílé wá bá wọn jẹun.

Ìyá wọn, Kira Evdokya, gbé ẹyin Pandeli tí kò fọ́ náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mímọ́, lábẹ́ fìtílà.

“Ẹ wò ó! Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò rùn! Tàwọn ará ibí, ọdún kan péré ló máa fi gbẹ, tẹ́ ẹ bá mì ín á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tèmi, jẹ́ẹ́! Iṣẹ́ ìyanu ni. Lọ́sàn-án yìí, àlùfáà máa gbà á sínú ṣọ́ọ̀ṣì, oníwèé ìròyìn sì máa ya fọ́tò ẹ̀.”

“Màmá, ẹ ní kó ya èmi náà,” ni Anesti wí. “Èmi ni mo ni èyí tó fọ́. Kó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: ẹni tí Ọlọ́run wò, tó sì ní rárá, ó ṣeun.”

Ṣaban onítíì, aládùúgbò wọn tí kì í pa búrẹ́dì Àjíǹde jẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ló ń lọ, bú sẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe! Ta ló fẹ́ gbé ikùn yìí sáré lórí pápá?”

“Ikùn kọ́ nìyí, Ṣaban. Ibi tí mo ń kó ẹja tí mi ò fẹ́ tà fún ẹ pamọ́ sí ni.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pandeli gbé búrẹ́dì ẹ̀ kalẹ̀. Irọ́ tó pa fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fẹ́ máa tan àbẹ́là fún un. Ó mú ẹyin náà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé àká ọkọ̀.”

Nínú àká, Pandeli pa ilẹ̀kùn dé. Ó na ẹyin náà sí Anesti.

“Ẹ fi kan eyín.”

Anesti wò ó. Ó gbé e sẹ́nu, ó fi kan eyín iwájú. Kó. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Kó. Ó jókòó sórí àwọ̀n. Ó fi èékánná ha aró pupa náà títí igi fi hàn.

“Igi kí ni?”

“Ólífì. Àjẹ̀ bàbá.”

“Àjẹ̀…” Anesti dìde fùú. “Ìwọ lo gé àjẹ̀ yẹn? Pandeli! Bàbá nà mí nítorí àjẹ̀ yẹn! Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jókòó!”

“Mo mọ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“O wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Ohùn Anesti wálẹ̀. Ó yí ẹyin náà po lọ́wọ́ tí okùn ti bó. “Mo gbé e dé ẹnu lọ́jọ́ yẹn, o rántí? Mo gbé e dé ẹnu.”

“Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí, ẹ̀gbọ́n. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é.”

“Kọ́kọ́ lọ sọ fún Màmá. Èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Tó bá di Sunday, fún mi ní ẹ̀wù tó o máa fi gbá bọ́ọ̀lù ìdágbére. Ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Pandeli sọ fún Màmá. Sálúbàtà tí Kira Evdokya bọ́, gbogbo Burgaz ló gbọ́ ìró ẹ̀. Orí ọkùnrin tí gbogbo Tọ́kì ń gbé gẹ̀gẹ̀ ló ti dún, lójú oníwèé ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Kò sí fọ́tò mọ́. Ẹyin kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá náà ń tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ Anesti báyìí, ó fi ń rán ojú ihò ẹ̀.

Nígbà tó di Sunday, kóòṣì ní ó tì. Pandeli ní, “Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá wọlé, èmi náà ò wọlé.” Báyìí ni Anesti ṣe jáde sí pápá, ẹ̀wù nọ́ńbà mẹ́wàá há mọ́ ọn lára bí awọ ẹja. Pandeli jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Èrò fẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rín wó pápá náà. “Ta nìyí? Ẹ dá apẹja yìí padà sómi!” “Aláwọ̀n, àwọ̀n tìẹ dà?”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin, bọ́ọ̀lù kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ó dé. Ẹlẹ́sẹ̀ ehoro kan nínú ẹgbẹ́ kejì, tó yára ju wáyà tẹligíráàmù lọ, já lọ bá a. Anesti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ó fà á sẹ́yìn, jẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin náà kọjá lọ bí ẹni tí wọ́n tì nínú àlá, ó fi imú gbẹ́ koríko. Anesti ti pa ilẹ̀kùn dé, ó ti gbá bọ́ọ̀lù síwájú.

Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín dìde dúró.

“Ilẹ̀kùn Pandeli nìyẹn,” ni bàbá àgbàlagbà kan wí lẹ́yìn bẹ́ǹṣì.

“Rárá o,” ni ẹnì kejì ẹ̀ dáhùn. “Pandeli kì í ṣí i fẹ̀ tó báyẹn.”

Pandeli gbọ́ ọ. Ó wọ̀ ọ́ lára ju sálúbàtà lọ.

Anesti rìn jáde, ó ń mí bí ẹṣin arúgbó. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó jù ú fún un. “Koríko yín rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Abájọ tẹ́ ẹ fi ń ṣubú.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí.”

Anesti nu ojú. “Ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi ṣí Ilẹ̀kùn náà lórí pápá yìí. Ìwọ fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣí i. Má tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi lónìí. Wọlé lọ, wọ́n ń pè ẹ́.”

Ó wọlé. Ẹ̀wù náà ṣì tutù fún òógùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á kígbe, “Ilẹ̀kùn!” Kò ṣí i lẹ́ẹ̀kankan. Ńṣe ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì.

Ní ìdájí Monday, Pandeli ti wà létíkun kí Anesti tó dé. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó síbi tí bàbá máa ń jókòó sí, ó rí i pé kò tọ́, ó dìde, ó jókòó síbòmíì. Anesti wo ọwọ́ ẹ̀ tó rọ̀ bí ọwọ́ ìyàwó tuntun, ó sì ju etí àwọ̀n sí i.

“Fà á,” ó wí. “Fọwọ́ fà á o. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù.”