Páànù Lórí Ẹ̀rọ Òjò

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sókèèrè. Ẹ̀rín yìí kò ṣeé dá rín.

Sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá ni, fóònù alágbèéká sì jẹ́ ohun ìyangàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti àdúgbò Ọgbà l'Ékòó ri òpó irin mẹ́ta: ọ̀kan ní Agége, ọ̀kan ní Ìju, ọ̀kan ní àgbàlá Bọ́dúndé ní Ifako. Ife kan wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá ti kán sínú ife èyíkéyìí, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sórí fóònù Bọ́dúndé, kí ará àdúgbò lè tètè palẹ̀ ẹrù mọ́ níta.

Bọ́dúndé, alága àwọn onílé, akọ̀wé fẹ̀yìntì Aláúsá! Ẹni tó ń wọ táì lọ ra kẹrosíìnì. Ó wo òpó, ó mirí. "Ohun iyebíye báyìí, kí òjò máa pa á?" Ló bá pe wẹ́dà, ó fi irin ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, ó fi àgádágodo tì wọ́n, ó sì kan páànù lé wọn lórí.

Fàúsát, ayálégbé rẹ̀, sá láfún síta lọ́jọ́ tí àwọn àna tuntun ń bọ̀ wá mọ ilé Bọ́látitó ọmọ rẹ̀. Láfún yẹn nìkan ló ní láti fi gbà wọ́n lálejò. Ojú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa kó o.

"Ìyá Bọ́látitó, ẹ fi sílẹ̀! Fóònù mi dákẹ́, òjò kò sí. Bí ó bá pa láfún yín, ẹ pa tòlótòló mi."

Gbogbo ilé gbọ́ ìlérí Bọ́dúndé. Láfún kò sì tíì gbẹ tán. Fàúsát fi í sílẹ̀.

Wààà! Òjò dé, ó ń lu páànù orí ẹ̀rọ gbàgàgbàgà. Bọ́dúndé dúró nínú rẹ̀, omi ń kán nímú rẹ̀, ó na fóònù sókè: "Ó ní kò sí òjò!"

Fàúsát wo láfún tó ti di ẹrẹ̀, ó wo páànù. Ẹkún tó ń bọ̀ di orin:

*Òjò pa onílé, ó pa àlejò,*
*Ẹ̀rọ òjò nìkan ló gbẹ!*

"Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ dáṣọ òjò fún ẹni tí a ní kó lọ wo òjò. Tòlótòló ńkọ́?"

Láfún tó rin kò ṣeé tún sá, yóò bu. Àfi kí ó rò ó lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀. Bọ́dúndé fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ tòlótòló mú fún ọ̀bẹ. Àwọn àna dé, wọ́n bá ọkà gbígbóná, ọbẹ̀ ẹlẹ́ran tí Fàúsát kò lálàá rẹ̀, àti orin lẹ́nu gbogbo ará ilé. Wọ́n jẹ, wọ́n gberin, wọ́n ní àwọn ti rí ìyàwó. Ayálégbé jẹ, aládùúgbò jẹ. Bọ́dúndé náà bu ọrùn tòlótòló rẹ̀ jẹ. Ìwà òmùgọ̀ kì í dí ọ̀nà ọ̀fun. Kálukú wá fọwọ́ pa ikùn, ó gbalé lọ.