Òkúta Inú Ẹ̀wà

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni ọmọ Ìyá Ẹlẹ́wà ń ṣe ní àdúgbò àtijọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n ọn lẹ́nu. Á fi fèrèsé tí òǹkọ̀wé ńlá àdúgbò, tó ti dolóògbé, máa ń jókòó sí hàn àwọn àlejò, á mú wọn gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé tó tẹ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò ìyá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bọ̀.

Ìyá rò pé adùn ẹ̀wà òun ló ń fà wọ́n. Òun tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́! Kò mọ̀wé kà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé òkúta kan tí òǹkọ̀wé yẹn bá nínú ẹ̀wà rẹ̀, tó kọ sínú ìwé, ló ń fà wọ́n wá. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ rẹ̀ ti máa ń bẹ àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ òkúta o. Tí màámi bá gbọ́, wọ́n á da ìkòkò yẹn nù ni, wọn ò sì ní se ẹ̀wà mọ́ láyé."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, olóríkunkun ẹ̀dá, jẹun títí, ó wo ìsàlẹ̀ àwo.

"Ìyá, òkúta dà?"

"Òkúta wo?"

Tísà ṣí ìwé òǹkọ̀wé náà. Afinimọ̀nà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Tísà kàn yẹ ẹsẹ̀ ni. Ó kà á sókè: "Obìnrin ẹlẹ́wà yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo fún mi. Ṣíbí kẹta ni mo gé òkúta jẹ, eyín mi sì kán."

Ìyá gbé ìpọnbẹ̀ kalẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ọmọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e.

"Màámi, ẹ má bínú, irọ́ ló ń pa."

"Irọ́ kẹ̀?" Ẹ̀rín ni ìyá ń rín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo fi síbẹ̀! Ojoojúmọ́ ni òǹkọ̀wé yẹn ń jẹ ẹ̀wà mi, tó ń ṣèlérí pé òun á fi mí sínú ìwé. Mo retí, retí. Mo ní kò burú, jẹ́ n fún un ní nǹkan tó máa fi rántí mi. Mo fọ òkúta yẹn dáadáa o! Kò padà wá mọ́. Mo rò pé ó gbàgbé mi ni."

Ojú ti afinimọ̀nà. Ohun tí ìyá rẹ̀ ti ń retí láti ìgbà èwe ló fi pa mọ́ fún un yìí.

Ìyá jáde, ó fa àpótí jókòó síwájú tísà.

"Ẹ tún un kà. Ẹ rọra kà á níbi tí mo ti rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀wà fún gbogbo wọn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ti ọmọ rẹ̀ wá. Ebi ti ń pa afinimọ̀nà, ó bù ú kún ẹnu. Kọ́! Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

Ìyá ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìwọ tó o mọ̀ tó ò sọ fún mi," ó ní, "kí ìwọ náà máa rántí mi."