Ẹ̀dọ̀fóró Ni Wọ́n Fún Bàbá Bọ́tìnì

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi Bàbá Bọ́tìnì kí wọ́n tó sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe, ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wọlé. Obìnrin náà kò kí i. Ó dúró láàárín àwọn aṣọ tó so rọ̀, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

“Kí lo rí lánàá?” ló ní.

Bàbá Bọ́tìnì gbójú sókè. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, obìnrin yìí kò fi “o” bá a sọ̀rọ̀ rí. “Ọkọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o,” báyìí ló máa ń kí i.

“Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Níbo ni mo ti rí kí ni?”

“Níbi ìjókòó wa. Nígbà tí gbogbo wa dijú. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fún ọ. Mo ní, kí lo rí?”

Ìjókòó tí ó ń sọ yìí, Màmá Bọ́tìnì ló dá a sílẹ̀. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ. Nígbà tí ìyá tó bí i kú, oorun kọ̀ ọ́. Ẹnìkan ló kọ́ ọ ní àṣàrò: kó jókòó jẹ́ẹ́, kó máa fetí sí èémí ara rẹ̀, kó sì fi ojú inú wo ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ rí. Oorun padà dé. Ló bá kọ́ obìnrin kan ládùúgbò, ìyẹn náà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, títí tí pálọ̀ wọn fi ń kún lọ́sàn-án gbogbo Sátidé. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ń ṣàìsàn, wọn á pín ara rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹnìkan á mú ẹsẹ̀, ẹnìkan á mú ọwọ́, kálukú á dijú, á sì máa fi ojú inú wo apá tirẹ̀ bí ẹni pé àìsàn kò dé ibẹ̀ rí.

“Ẹ má pa oògùn dókítà tì o,” ni Màmá Bọ́tìnì máa ń wí fún wọn. “Àwa kàn ń bá aláìsàn jókòó ni.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wọ ọsibítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba ipò, ọ̀rọ̀ sì yí padà. “Bí ẹ bá ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ló máa rí,” ni ìyẹn ń kọ́ wọn. “Ibi tí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀ ni ká bi.” Àìsàn Màmá Bọ́tìnì wá le, wọ́n wá ń jókòó lójoojúmọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni Màmá Bọ́tìnì ti pín ara rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣe é, ọkọ rẹ̀ ló fún.

Wàyí o, Bàbá Bọ́tìnì kì í rí nǹkan kan. Láti kékeré, bó bá ti dijú, òkùnkùn ni, dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí wọ́n bá ní kó fi ojú inú wo odò, kò sí odò; bí wọ́n bá ní kó wo ojú ìyá rẹ̀, kò sí ìyá. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí Bọ́tìnì ṣì ń rá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Olówó orí mi,” ló ní, “o gbàgbé ojú inú tìẹ sílé ìyá rẹ nìyẹn.” Síbẹ̀, kò sí Sátidé kan tí kò gbé àga kalẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí kò lè purọ́.

“N kò rí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi. N kì í rí nǹkan bí mo bá dijú. Òkùnkùn ni.”

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan tó ti ń wá.

“Ó dáa. Ìwọ lo pa á nìyẹn. Ilé tèmi ló sún mọ́ ọsibítù, èmi ni wọ́n pè. Ó ti kú láti ìdájí.”

Bàbá Bọ́tìnì kò gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Òórùn aṣọ tó ń jó gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀gbọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ojú rẹ̀.

“Aṣọ aláṣọ ń jó,” ló wí, ó sì jáde lọ.

Kí Bàbá Bọ́tìnì tó dé ilé, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyí, obìnrin, ó ń múra àtiparí ilé-ìwé girama. Nígbà tó wà ní kékeré, ó gbé bọ́tìnì aṣọ oníbàárà kan mì, gbogbo ilé sì ń ṣọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni ń retí ọkọ̀ tó pẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Òun àti baba rẹ̀ kì í jọ jókòó kí ẹ̀rín má sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí baba wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó dìde dúró bí ẹni tí àlejò bá nílé.

“Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò rí nǹkan kan?”

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ dijú bíi ti gbogbo wa.”

“Mo jókòó síbẹ̀, ọmọ mi.”

“Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ló wà lọ́wọ́ yín.”

Kò sunkún níwájú rẹ̀. Inú yàrá ló lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sin òkú, àwọn èèyàn wá, wọ́n lọ. Tí baba bá pè é, á ní “Sà” bí ẹni ń dá ọ̀gá iléeṣẹ́ lóhùn. Kì í ní “Bàbá mi” mọ́. Kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún Bàbá Bọ́tìnì láyé ju ọmọ yìí lọ, ó sì ń wò ó bó ṣe ń yọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ nínú omi.

Nǹkan kan wà tó mọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí, ẹnì kan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé, òun sì ni ẹni náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ kú, àìsàn náà gun orí lọ, ojú obìnrin náà sì fọ́. Nọ́ọ̀sì ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀, ojú gan-an ni wọ́n fún Bọ́tìnì. Ojú màmá rẹ̀ ni ọmọ náà ń dijú wò lójoojúmọ́. Ó tilẹ̀ ya àwòrán kan ránṣẹ́ pé kí màmá rí i kí ojú náà lè máa dán. Bàbá Bọ́tìnì gbé àwòrán náà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń kà á sí aya rẹ̀ létí bí ẹni ń ka Bíbélì: “Ilé kan nìyí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ búlúù. Ìwọ lo jókòó síwájú ilé. Ọmọ rẹ ya imú rẹ tóbi jù.” Ẹ̀gbẹ́ ẹnu obìnrin náà gbéra díẹ̀ bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí baba délé, ó ní, “Màmá rẹ wo àwòrán náà. Ó ní o ya imú òun tóbi jù.” Bọ́tìnì rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì ní, “Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé wọ́n á rí i.”

Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Ẹ̀gbọ́n pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ kan náà. Ó ní ilé ti dọ̀tí, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Kálukú gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ ohun tó rí.

Onítáyà tó ń lẹ táyà níwájú àdúgbò ló kọ́kọ́ dìde. “Ẹsẹ̀ ni tèmi. Há! Mo rí ẹsẹ̀. Ó ń sáré débi pé bàtà gan-an kò lè bá a.”

“Ọwọ́ ni wọ́n fún mi,” ni onídìrí wí. “Mo rí i tó ń dirun fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Ìka ń yọ̀ bí epo.”

“Orí wà lọ́wọ́ tèmi,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, “kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé orí àbúrò mi pé títí dọ́jọ́ ikú. Bọ́tìnì, tìẹ dà?”

Ọmọ náà dìde. “Ojú ni tèmi. Màmá mi ríran títí dé òpin. Wọ́n rí àwòrán mi. Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n sọ fún mi.”

Ẹ̀gbọ́n yí sí Bàbá Bọ́tìnì. “Ṣé òótọ́ ni? Àbí òkùnkùn yẹn náà lo tún rí níbẹ̀?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Onídìrí bo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Bàbá Bọ́tìnì: ìyàwó òun kò ríran mọ́. Bó bá sọ ọ́, ó lè já ara rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ènìyàn yìí. Ó ti ń jókòó tì wọ́n tipẹ́. Wọn kò ní sọ pé àwòrán inú ọkàn kì í pa ènìyàn. Wọ́n á kàn yí àga wọn padà, wọ́n á dojú kọ ọmọ náà, wọ́n á sì bi í pé kí ló ń rò nígbà tó yẹ kó máa wo ojú màmá rẹ̀. Ọ̀dà búlúù ṣì wà lábẹ́ èékánná ọmọ náà.

“Ó ríran,” ni Bàbá Bọ́tìnì wí. “Ó wo àwòrán náà dáadáa. Ó ní imú òun tóbi jù.”

“Ẹ ò gbọ́?” Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ jáde. “Ẹsẹ̀ pé. Ọwọ́ pé. Orí pé, ojú pé. Kí ló kù?”

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mo ní kí ló kù?”

“Ẹ̀dọ̀fóró,” ni Bọ́tìnì dáhùn, ó sì wo ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn ló pa á,” ni Bàbá Bọ́tìnì wí. “Ìyàwó mi mọ̀ pé n kì í rí nǹkan. Mo ti sọ fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó mọ̀, ó sì fún mi.”

“Pè é kó wá jẹ́rìí.”

Ẹ̀gbọ́n na ìka sí ilẹ̀kùn.

“Alágbàfọ̀ tó ń lọ aṣọ gbogbo ayé,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, “tiẹ̀ ló rún jù. Jáde fún wa, ká lè jókòó.”

Ó jáde kúrò nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, Onítáyà yọ́ wá bá a, ó ń wẹ̀yìn bí olè adìyẹ.

“Bàbá Bọ́tìnì, ká má purọ́, èmi náà ò rí ẹsẹ̀ kankan o. Oorun ló ń kùn mí.”

“Wọlé lọ sọ fún ọmọ mi.”

“Èmi kẹ̀? Kí Ẹ̀gbọ́n fi mí ṣe ẹran jẹ? Ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹgba tó wà lẹ́yìn yín, ẹ má pín mi níbẹ̀.” Ó gbá a léjìká, ó ní kó mú ọkàn le, ó sì sáré wọlé padà.

Nígbà tí wọ́n parí, báàgì Bọ́tìnì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ náà ń bá òun lọ, ìjókòó náà sì ń kó lọ sílé òun láti ọjọ́ náà. Bàbá Bọ́tìnì gbé báàgì náà dé géètì, nítorí pé ó wúwo.

“Mò ń lọ, Sà,” ni ọmọ náà wí.

“Ó dàbọ̀. Jẹun dáadáa.”

Bọ́tìnì gbé ẹsẹ̀, ó tún dúró. “Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀dọ̀fóró, màmá mi ì bá wà láàyè.”

Ó ń wo ojú baba rẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ kó bá òun jà, kó bú òun, kó sọ nǹkan.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi,” ni Bàbá Bọ́tìnì wí. “Ìwọ ì bá ṣe é dáadáa.”

Ojú ọmọ náà le bí òkúta. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Sátidé mìíràn dé. Bàbá Bọ́tìnì wà nínú ilé, ó ń po sítáàṣì, nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ni, ojú rẹ̀ wú, ó sì wọ bàtà méjì tí kò bára mu.

“Ẹ káàsán, sà. Ibí ni wọ́n júwe fún mi. Mò ń bèèrè Màmá Bọ́tìnì. Wọ́n ní wọ́n máa ń bá èèyàn dijú.”

“Ó ti kú.”

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú, sà. N ò gbọ́ ni. Ọmọ mi ló wà ní ọsibítù, n ò sì rí oorun sùn.” Ó ti ń yí padà. “Wọ́n ní àwọn kan ṣì ń jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ilé wo ni wọ́n kó lọ?”

Bàbá Bọ́tìnì la ẹnu kó júwe ilé Ẹ̀gbọ́n. Ó mọ bí wọ́n ṣe máa gbé apá kan nínú ara ọmọ náà lé ìyá yìí lọ́wọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé àga kan láti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá sí àárín pálọ̀, ó sì nu eruku orí rẹ̀.

“Ẹ jókòó,” ló ní. “Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ẹni tó kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé padà lórí ìdúró.”

Obìnrin náà jókòó sí etí àga. “Kí ni kí n máa rí, sà?”

“Bí ẹ bá rí nǹkan, ó dára. Bí ẹ ò bá rí, ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.”

Ó ṣan sítáàṣì kúrò lọ́wọ́, ó gbé àga kejì tì í, ó jókòó, ó sì dijú.