Yàrá Òkúdù Kò Mọ Àṣàbí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, àlá tí mo lá lóru àná gùn débi pé irùngbọ̀n mi hù nínú rẹ̀, mo fá a lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ra abẹ tuntun kí n tó jí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá fọwọ́ kan àgbọ̀n mi. Bàbá Olúgbọ́n, ẹ ní irun ṣì kún ibẹ̀? Èyí tó hù lójú ọ̀nà àbọ̀ nìyẹn.

Ní ọ́fíìsì wa nílé ìwòsàn, níbi tí a ti ń tẹ orúkọ ọmọ tuntun sínú kọ̀ǹpútà, ni mo bá ara mi. Ọ́fíìsì náà ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lókè ìrókò bí èéfín. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Igbà adẹ́mu la fi gùn ún, a sì ń kí ara wa pé ẹ kú iṣẹ́.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wọ inú rẹ̀ lọ. Ilé gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀, oníyàrá méjìlá, yàrá kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Àwọn orúkọ tò síta bí ẹni tó fẹ́ pọn omi. Ilẹ̀kùn ńlá iwájú ló ń bi wọ́n pé, "Oṣù wo ni wọ́n bí ọ?" Bí orúkọ bá dáhùn, yóò júwe yàrá tirẹ̀ fún un.

Mo ní, "Ilẹ̀kùn, o ti falẹ̀ jù. Èmi nìkan lè kó gbogbo ọmọ tí wọ́n bí láti Ṣakí dé Ìkòròdú wọlé kí ẹni tó sín tó nu imú."

Ilẹ̀kùn ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni kí o gbà o."

N kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo yí sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń da orúkọ gba ojú fèrèsé, bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Yàrá kankan kò kọ̀. Ohun tí mo jù, wọ́n gbà á, wọn kò béèrè oṣù.

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi dé, ó pọn Àṣàbí ọmọ wa wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, ọ̀gá wa, bi í ní oṣù tí wọ́n bí ọmọ. Ó ní Òkúdù ni. Ọ̀gá wọ yàrá Òkúdù, ó jáde.

"Ìyá, a kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá, òun ló wà lẹ́yìn mi yìí."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n kò sí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wo àwọn yàrá tó kù. Ó ní, "Bí mo bá ń wọ yàrá méjìlá nítorí ọmọ kan, ìgbà wo ni mo fẹ́ délé? Ọmọ Òkúdù, yàrá Òkúdù ni mo máa ń wò." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ táì ọrùn rẹ̀. Mo ní, "Á gba ibi ire o, ọ̀gá."

Ìyàwó mi wá pè mí jẹ́jẹ́. "Bàbá Àṣàbí, ọmọ yìí ń fúyẹ́."

Mo wò ó. Mo ń rí òdòdó ara àǹkárá ìyá rẹ̀ gba inú ara ọmọ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti lọ.

Òbúkọ ní, "Ẹni tí wọn kò bá rí ní yàrá rẹ̀, kì í pẹ́ tí ojú pàápàá kò fi ní rí i mọ́."

Mo sáré láti yàrá dé yàrá. Nínú yàrá oṣù Ọ̀pẹ ni mo ti bá orúkọ ọmọ mi, ó jókòó sínú ọyẹ́, ètè rẹ̀ ti là, ó ń gbọ̀n. Mo gbé e mọ́ àyà, mo forí lé fèrèsé. Òbúkọ dí mi lọ́nà.

"Fèrèsé yẹn náà? Lọ́la, ọmọ ta ló kàn?"

Mo dúró. Mo mú ìṣó, mo kan fèrèsé pa. Lẹ́yìn náà mo bẹ yàrá kọ̀ọ̀kan pé kó máa fẹnu ara rẹ̀ bi ẹni tó fẹ́ wọlé. Ẹnu hù sára ilẹ̀kùn méjèèjìlá. Kí n lè dán wọn wò, mo ju orúkọ ọmọ oṣù Bélú kan sí yàrá Òkúdù. Ilẹ̀kùn tu ú padà lù mí níwájú orí. "Ọmọ Òkúdù nìkan ló ń wọ ibí." Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi.

Mo gbé orúkọ Àṣàbí dé ibẹ̀.

"Oṣù wo?"

"Òkúdù ni."

Ó ṣí. Ọmọ wúwo padà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì fi igbe bọnu.

Igbe yẹn ló jí mi. Àṣàbí ló ń ké lóòótọ́, ó ń tu ògì dànù. Ìyá rẹ̀ tọ́ ògì náà wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tọ́ inú agolo ṣúgà wò. Ó wá wo ọ̀dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo fọ́nnu lálẹ́ àná pé n óò to ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú.

"Bàbá Àṣàbí, ta ló da iyọ̀ sínú agolo ṣúgà?"

Mo ní agolo ni kò béèrè. Ó mú orógùn.

Ìdí tí ẹ fi rí mi nílé yín láàárọ̀ yìí nìyẹn, tèmi ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá Olúgbọ́n, ohùn ta ni mo ń gbọ́ lẹ́nu géètì yẹn? Ẹ bá mi ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Bó bá bi yín, ẹ ní ẹ ti wo ibi tó yẹ kí n wà, ẹ kò rí mi.