Ohùn Níbi Tí Kò Sí Afẹ́fẹ́

Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ẹni tó pa òwe yìí kò ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń fi ìró sí fíìmù. Bí ẹ bá gbọ́ tí egungun ṣẹ́ nínú ìjà, igi gbígbẹ tí mo fi aṣọ tútù wé ni mo dá sí méjì. Ìyá Oníró ni wọ́n ń pè mí.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí etí mi ti ń di. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu àwọn ènìyàn ni mò ń wò kí n tó mọ ohun tí wọ́n wí. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ ìró fún adití?

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ló ń darí fíìmù tuntun yìí. Ọkọ̀ kan tó ń lọ sí òṣùpá gbiná lójú ọ̀nà, obìnrin kan ṣoṣo ló kù tó ń léfòó nínú òkùnkùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ariwo sí i o," ó wí. "Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìró. Níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, bí òkè ńlá bá wó, kò ní í dún. Èémí obìnrin náà nìkan ni kí a gbọ́, torí afẹ́fẹ́ wà nínú akoto rẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Iṣẹ́ adití rèé! Mo ti ilẹ̀kùn, mo dé akoto, mo ki maikirofóònù bọ inú rẹ̀, mo sì ń mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó wọlé, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

"Ta lẹ jẹ́ kó wọ yàrá yìí?"

"Èmi nìkan ni. Àbí o rí iwin ni?"

"Mi ò rí i. Mo gbọ́ ọ."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná ṣí bí òdòdó lójú fíìmù, ọkọ̀ náà fọ́ yángá. Mò ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wí?"

Mo tẹjú mọ́ ètè rẹ̀.

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìyá wa ni. Ìyá tí a sin ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ń kì yín."

 Ọwọ́ mi wà lórí àpótí sípíkà, nǹkan kan sì ń rìn nínú igi rẹ̀. Mo tẹríba, mo gbé iwájú orí lé e. Ìró náà gba inú igi, ó gba inú egungun. Lẹ́yìn èémí, ohùn arúgbó kan ń bọ̀:

"Ọmọ a-gbọ́-òjò-kó-tó-ṣú,
ọmọ a-gbọ́-ẹsẹ̀-èèrà-lórí-ewé,
má sùn o, má sùn lókùnkùn."

Gbogbo irun ara mi dìde. Lẹ́yìn náà ni arúgbó náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ́ tèmi ni, èyí tó ń bá mi jà láti oṣù tó kọjá.

Nígbà tí mo ń mí nínú akoto, mo rò pé inú ọkàn ni mo ti ń kì ara mi bí ìyá wa ti máa ń kì mí; n kò gbọ́ pé ó ń jáde lẹ́nu mi. Ohùn ìyá wa ló ti wá jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Ìlà kẹta yẹn, n kò tilẹ̀ rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni," mo wí. "Etí mi ti di, àbúrò mi."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ètè. Mo rántí ohun tó kọ sínú fíìmù náà: bí akoto méjì bá fara kanra, ọ̀rọ̀ á kọjá láìsí afẹ́fẹ́.

"Jọ̀ọ́, gbé iwájú orí rẹ kan tèmi," mo wí, "kí o tún un sọ."