Ẹ̀rín Níbi Òkú

Wọ́n ṣí pósí nínú fíìmù, gbogbo ilé sinimá sì bú sẹ́rìn-ín.

Criselda yíjú padà nínú òkùnkùn. Ta ló háyà àwọn wọ̀nyí? Òun ló ń kọ nípa fíìmù sínú ìwé ìròyìn ní ìlú Iloilo, ní Philippines. Ohun tó bá kọ lónìí ni yóò sọ bóyá fíìmù Dodong Bantilan yóò ṣì wà ní sinimá lọ́la. Ọgbọ̀n ọdún ni Dodong fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú fíìmù tòní, ó di apẹja tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ń sunkún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan háyà àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún fíìmù burúkú kan, Criselda sì ti yìn ín tán kó tó mọ̀. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ó ń wò wọ́n ní ìlà dé ìlà, ó ń ṣọ́ ẹni tí yóò ṣẹ́jú sí ẹnìkejì rẹ̀.

Nígbà tí iná tàn, ó dá obìnrin kan dúró, òun àti ìyá àgbà tó dì í lápá mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ta ló ní kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín?"

Obìnrin náà wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ta ló ní kí n kí ni? Dodong mà nìyẹn. Tó bá ti ká ẹnu kọ́rọ́ báyìí, mo mọ̀ pé àwàdà ń bọ̀. Mo dúró dúró, àwàdà ò dé. Tó o bá ń kọ ọ́, kọ ọ́ pé ó ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀."

"Dodong wo?" ni ìyá àgbà náà bi í. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Àbúrò ìyá mi nìyí, àná ni wọ́n ti Hawaii dé lẹ́yìn ogójì ọdún. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti bá mi jà tán, wọ́n ní ṣé orí mi pé."

Criselda fura sí omijé náà pàápàá. "Kí ló pa yín lẹ́kún, mà?"

"Bàtà ọmọ yẹn ni. Nígbà tí omi gbé e wá sí etí òkun, tí bàbá gbé e sétí bí ẹni pé yóò gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀. Ìwọ ò sunkún níbẹ̀, ọmọ mi?"

Bàtà wo? Criselda wá a nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ẹnu àwọn èrò tó là ló rí, eyín tó ń dán, ẹni tó fi ìgúnpá gún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i, mà."

Ó lọ tò sí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì aago mẹ́ta, kó lè tún fíìmù náà wò. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.